Wáàsí Jímọ̀: Má Gba Ẹjọ́ Rò fún Ọ̀dàlẹ̀

Asalaamu alaekun warahmatullahi wabarakaatuhu. Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ẹ kú Jímọ̀.

Ẹni tó bá ń kírun Jímọ̀ ní Ìdúmọ̀tà, tó máa ń tẹ́ ẹní sí etí títì nítorí pé inú mọ́ṣáláṣí ti kún, ó mọ ọ̀rọ̀ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí lèmọ́mù bá ti sálámà tán. Kí èèyàn tó rí bàtà rẹ̀ wọ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti ìjọba. "Wọ́n ti kó owó wa jẹ." "Olówó kì í ṣẹ̀wọ̀n ní Nàìjíríà." Wọn ò parọ́.

Òfin Èkó ti ọdún 2003 lórí ọjà kíkiri ní kí ẹni tí wọ́n bá mú san ₦90,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6. Ọmọbìnrin tó gbé omi inú ọ̀rá lérí ní Ọ̀ṣòdì, bó bá rí ọkọ̀ Káì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mú ọlọ́jà kiri, lọ́ọ̀ọ́kán, eré ló máa sá, tí omi á máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ọjà orí rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ kan ní Àbújá dá ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun wà nínú àwọn tó kó owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá, owó tó lé ní bílíọ̀nù 20 náírà. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, tàbí kó san ₦750,000. Ó san án lójú ẹsẹ̀. Ó di ọdún 2018 kí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún 6, tí wọ́n sì bu owó ìtanràn tó lé ní bílíọ̀nù 22 lé e. Ọlọ́hun nìkan ló mọ iye ọlọ́pàá arúgbó tó ti kú kó tó dìgbà yẹn.

Bọ́rọ̀ bá ti débí, hádíìsì obìnrin ìdílé Makhzum, ìdílé ńlá kan ní Mẹ́kà, ni àwa ààfáà máa ń kà: ó jalè, wọ́n rán Usamah ọmọ Zayd sí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) láti bẹ̀bẹ̀, Ànábì sì búra pé bó jẹ́ Fatimah ọmọ òun ló jalè, òun á gé ọwọ́ rẹ̀. Etí wa ti mọ́ ọn débi pé kò ta wá lára mọ́. Ẹ jẹ́ ká wo Usamah. Òun kọ́ ló jalè, òun kọ́ ni adájọ́. Èèyàn dáadáa ni, Ànábì fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ lásán ló wá bẹ̀. Inú Ànábì kò dùn sí i rárá.

Súratu Nisaai, láti áyà 105, ló tú u palẹ̀ jù. Àwọn onítúmọ̀ Al-Kùráánì mú ìtàn rẹ̀ wá pé ọkùnrin ará Mẹ̀dínà kan, Tu'mah ọmọ Ubayriq, jí ẹ̀wù irin aládùúgbò rẹ̀ gbé. Inú àpò ìyẹ̀fun ni ẹ̀wù náà wà, àpò ọ̀hún sì ti lu. Ìyẹ̀fun ń dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí àsírí fẹ́ tú, ó lọ fi ẹrù náà pamọ́ sọ́dọ̀ Yẹhúdí kan, ó sì búra pé òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wọ́n tọ ipa ìyẹ̀fun dé ilé Yẹhúdí, wọ́n bá a níbẹ̀. Ni ẹbí Tu'mah bá kó ara wọn jọ lọ bá Ànábì pé kó gbèjà ọmọ àwọn. Mùsùlùmí ni, ọmọ ilé ire ni. Kí ìyà kúkú jẹ Yẹhúdí. Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ ló dá Yẹhúdí yẹn láre. Ó ní kí Ànábì má ṣe gba ẹjọ́ rò fún àwọn ọ̀dàlẹ̀, Ó sì kọjú sí ẹbí olè ní áyà 109: ẹ̀yin nìyí tí ẹ bá wọn jiyàn nílé ayé, ta ni yóò bá wọn bá Ọlọ́hun jiyàn lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀?

Ẹbí Tu'mah pọ̀ ní Èkó. Bí EFCC bá ránṣẹ́ pe ọ̀gá kan lónìí, kílẹ̀ tó mọ́, àwọn kan á ti wọ ànkóò lọ sẹ́nu ọ̀nà kóòtù, wọ́n á ní ọmọ wa ni, ọ̀tá ló ń bá a jà. Wọ́n á ní ọmọ ẹni kò ní í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe yẹn dáa níbi ìlẹ̀kẹ̀. Owó ilé ìwòsàn kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀.

Kí àwa ààfáà má sì fara pamọ́. Ta ló ń fi wọ́n jẹ Bàbá Àdínnì? Ta ló ń tọ́jú ìlà iwájú dè wọ́n, tí ẹni tó ti dé láti aago mọ́kànlá á máa sún sẹ́yìn? Bí àpò ìrẹsì Ramadan bá ti wọlé, àdúrà wa kì í tán mọ́. Àwọn kan nínú wa tilẹ̀ ti gbọ́n: wọ́n á ní bí ará ìlú bá ṣe rí ni olórí wọn ń rí, pé ìyá oníṣòwò tó tẹ ìdí kóńgò wọlé àti ẹni tó kó owó ìfẹ̀yìntì, ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ̀ṣẹ̀ ni òṣùwọ̀n èké, súrà kan gbáko sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ààfáà tó jẹ́ pé oníkóńgò nìkan ló rí bá wí, ẹ̀rù alágbára ló ń bà á.

Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe hàràámù o. Áyà 85 nínú Súratu Nisaai kan náà ní ẹni tó bá ṣìpẹ̀ rere yóò ní ìpín nínú rẹ̀. Nínú ẹni mẹ́ta tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà, ó tó méjì tí kóòtù kò tíì dá ẹjọ́ wọn. Ta ló ń wọ ànkóò lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikiri nítorí tiwọn? Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ẹ̀ka 35, ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n bá mú dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà nítòsí. Ìjọba Èkó ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò fún ẹni tí kò lówó, Office of the Public Defender, ọ̀fẹ́ ni. Bí wọ́n bá kó ọmọ aládùúgbò yín lálẹ́, ẹ bá ìyá rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ẹ̀yin lọ́yà tí ẹ ń kírun pẹ̀lú wa, ẹ fún lèmọ́mù ní nọ́ńbà yín, kó kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìrun. Kí ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí sì yọ owó ọkọ̀ ìyá yẹn nínú owó Jímọ̀.