Bí Ọlọ́pàá Ìlú Ọba Bá Béèrè Kọ́kọ́rọ́ Fáìlì Yín

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin olùwòran wa. Ẹ wo fáìlì tó wà lójú kọ̀ǹpútà yìí. Ìwé àdéhùn ilé ni tẹ́lẹ̀; lẹ́yìn tí a fi páswọ́ọ̀dù sọ ọ́ di ẹnà, lẹ́tà àti àmì játijàti ló kù níbẹ̀, ẹni tí kò bá sì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá ìwé ilé ni tàbí ohun tí ọlọ́pàá ń wá.

Ní Ìlú Ọba, kò sí òfin tó ní kí èèyàn má ti fáìlì rẹ̀ pa báyìí. Báńkì ń ṣe é, fóònù ọwọ́ yín gan-an sì lè máa ṣe é láìjẹ́ pé ẹ fura. Ìgbà tí ìjọba bá ní kí ẹ ṣí i ni ewu dé. Abala 49 nínú RIPA, òfin ọdún 2000 tó ń darí agbára ìwádìí ìjọba, ló fún wọn lágbára bẹ́ẹ̀: bí adájọ́ tàbí aláṣẹ mìíràn tí òfin yàn bá fọwọ́ sí i, wọ́n lè fi ìwé lé yín lọ́wọ́ pé kí ẹ kó kọ́kọ́rọ́ náà wá, tàbí kí ẹ gbé ohun tó wà nínú fáìlì náà kalẹ̀ bó ṣe ṣeé kà. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ààbò ìlú tàbí ìwà ìbàjẹ́ sí ọmọdé, ó lè tó ọdún 5.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan ní Lancashire kàgbákò rẹ̀ lọ́dún 2010. Páswọ́ọ̀dù rẹ̀ gùn tó àmì 50, àwọn ọlọ́pàá kò rí i tú, òun náà kò sì sọ ọ́. Ẹ̀wọ̀n ọ̀sẹ̀ 16 tí ilé ẹjọ́ rán an lọ kì í ṣe nítorí ohun tí wọ́n bá nínú fáìlì, bí kò ṣe nítorí pé ó panu mọ́.

Bí èèyàn bá wá gbàgbé ńkọ́? Ibí yìí ló ń kọ mí lóminú jù. Bí wọ́n bá fi hàn pé kọ́kọ́rọ́ náà wà lọ́wọ́ yín rí, òfin yóò gbà pé ó ṣì wà lọ́wọ́ yín, àfi bí ẹ bá mú ẹ̀rí tó tó wá pé kò sí lọ́wọ́ yín mọ́. Ìgbà náà ni agbẹjọ́rò ìjọba yóò tó fi hàn láìsí iyèméjì pé irọ́ lẹ ń pa. Àmọ́ ta ló ń gba rìsíìtì ìgbàgbé?

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti ní kí a má fipá mú ẹnikẹ́ni jẹ́rìí ta ko ara rẹ̀, ohùn àwọn ilé ẹjọ́ kò tíì ṣọ̀kan lórí páswọ́ọ̀dù. Ọlọ́pàá àtijọ́ kan ní Philadelphia sọ pé òun ti gbàgbé tirẹ̀. Láti ọdún 2015 títí di 2020 ló fi wà ní àtìmọ́lé, kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó sọ pé kò yẹ kó ju oṣù 18 lọ.

Ohun kan ṣì kù nípa ìwé ti Ìlú Ọba yẹn. Nígbà mìíràn, wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹ kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ gbà á, ẹni tó bá sì sọ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 5. Síbẹ̀, òfin náà gbà yín láyè láti mú un tọ agbẹjọ́rò yín lọ fún ìmọ̀ràn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ sì kọ́kọ́ gbà.