Ẹ́ńjìnnì 504 àti 505: Èwo Ló Bá Èwo Mu?

Ẹ̀yin olùwòran wa, ẹ kú ìjókòó. Ọgbà àwọn mẹkáníìkì kan ní Iléṣà ni a wà, Peugeot 505 tí ẹ ń wò yìí sì ni a ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ni ín fẹ́ mọ̀ bóyá písítìnì àti sílíìfù (páìpù irin tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀) ti Peugeot 504 yóò bá a mu, nítorí pé ti 504 ló rọrùn fún un láti rí rà. Kí n tó dá a lóhùn, mo ní kí a kọ́kọ́ nu ìdọ̀tí ara búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì tí sílíìfù wọ̀ sí, kúrò, kí a lè ka kóòdù tó wà níbẹ̀.

Nígbà tí 504 jáde ní ọdún 1968, ẹ́ńjìnnì 1796 cc ló gbé wá (cc ni ìwọ̀n àyè tí písítìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń rìn gbà lápapọ̀). Ní 1970, wọ́n fẹ ihò sílíìfù láti mìlímítà 84 sí 88, ṣùgbọ́n ibi tí písítìnì ń rìn dé láti òkè sí ìsàlẹ̀ kò yí padà, mìlímítà 81 náà ni. Bí ó ṣe di 1971 cc, tí a mọ̀ sí XN1, nìyẹn. XN1 yìí ni wọ́n tún gbé sínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ 505 láti ọdún 1979 tí ọkọ̀ náà ti jáde. Bí ẹ bá ti rí XN1 lára búlọ́ọ̀kù, ẹ lè ra sílíìfù àti písítìnì 504 oní-1971 cc. Kí ẹ ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kí ẹ sì fi orí písítìnì tuntun wé ti àtijọ́.

Àmọ́ 505 mìíràn wà tó ń lo ẹ́ńjìnnì ZEJ, 1995 cc. Lítà méjì ni àwọn ènìyàn ń pe ZEJ àti XN1, ihò méjèèjì sì jẹ́ mìlímítà 88, ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń ṣòfò. Alumíníọ́mù ni búlọ́ọ̀kù ZEJ, orí ẹ́ńjìnnì ni kámúṣáàfù rẹ̀ (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, ìyẹn ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti èéfín) wà, bẹ́líìtì ló sì ń yí i. Irin ni búlọ́ọ̀kù XN1, inú búlọ́ọ̀kù náà ni kámúṣáàfù tirẹ̀ wà, ọ̀pá gígùn ló sì fi ń ti fáàfù. Ẹ má ṣe fi písítìnì ọ̀kan sínú èkejì láéláé.

Gáskẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín búlọ́ọ̀kù àti orí ẹ́ńjìnnì, tún ńkọ́? Mo ti ti Iléṣà lọ sí Ìbàdàn rí, tí mo kàn sọ pé 504 ni mo fẹ́, tí mo sì gbé ti 1796 cc bọ̀ wálé fún ẹ́ńjìnnì 1971 cc. Ó dùn mí gan-an. Ẹ wò ó bí mo ṣe gbé e lé e: òrùka irin tó yí ihò rẹ̀ ká yọ wọnú sílíìfù. Bí a bá dè é bẹ́ẹ̀, iná ẹ́ńjìnnì yóò máa jó òrùka náà títí yóò fi pọ́n, yóò sì ya.

Ní báyìí, XN1 ni a rí lára búlọ́ọ̀kù yìí, sílíìfù 504 sì ti wọlé. Ó kù kí a wo gíga wọn, nítorí pé omi ló yí sílíìfù wọ̀nyí ká; bí wọn kò bá yọ díẹ̀ lókè búlọ́ọ̀kù, gáskẹ́ẹ̀tì kò ní dì wọ́n mú, omi yóò sì bọ́ sínú ọ́ìlì, tí yóò funfun bíi wàrà. Mo ti gbé irin títọ́ lé wọn lórí. Ẹ wo àlàfo tín-ín-rín tó wà láàárín irin yìí àti búlọ́ọ̀kù: ó dọ́gba lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A lè gbé gáskẹ́ẹ̀tì lé e wàyí.