Ojú Irin Tí Ó Di Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Àwọn Vías Verdes Ilẹ̀ Spéìn

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi ṣí ọ̀rọ̀ mi. Báwo ni ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ láti ọdún mẹ́wàá ṣe lè la àárín àwọn òkè gúúsù ilẹ̀ Spéìn kọjá láìsọ̀kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, láìgbọ́ fèrè mọ́tò kan ṣoṣo láti àárọ̀ títí di ọ̀sán? Ilẹ̀ Spéìn kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Òkè pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje fi ń wá láti ilẹ̀ òkèèrè láti wá fi dán ara wọn wò. Ìdáhùn mi ni pé ọkọ̀ ojú irin kò mọ òkè gùn, àti pé owó àti òógùn tí àwọn tí ó la ojú irin láyé àtijọ́ ná nítorí àìlera rẹ̀ yìí ni oníkẹ̀kẹ́ òde òní ń jẹ àǹfààní rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin jẹ́ irin, orí irin náà ni ó sì ń yí lé. Irin kì í di irin mú bí rọ́bà ti ń di ọ̀dà mú, nítorí náà bí ọ̀nà bá fi ju mítà méjì tàbí mẹ́ta lọ gòkè nínú ọgọ́rùn-ún mítà, agbára ẹ̀ńjìnnì kò ní fẹ́ ká ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì máa yí lójú kan. Ọ̀nà mọ́tò lè gun òkè lọ tààrà kí ó sì tún já wálẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ojú irin kò lè dán an wò. Òkè tí ojú irin kò bá lè gùn, àwọn ẹnjiníà á dá ihò sí i nínú. Àfonífojì tí kò bá lè sọ̀ kalẹ̀ sí, wọn á kó yẹ̀pẹ̀ dí i tàbí kí wọ́n ta afárá lé e lórí. Ẹ wá ro ohun tí yóò kù sílẹ̀ bí wọ́n bá ká irin náà kúrò: ọ̀nà tí ó rọra ń gòkè, tí ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀, tí ọmọdé àti arúgbó lè fi kẹ̀kẹ́ gbà láìmí gúlegúle.

Bí irin náà ṣe di kíká kò gba àlàyé púpọ̀. Mọ́tò àti ọkọ̀ akẹ́rù gba oníbàárà lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú irin, àwọn ojú irin kéékèèké kò sì pa owó wọlé mọ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1985 nìkan, ìjọba Spéìn dá ìrìnnà dúró lórí ojú irin tí gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bí 900 kìlómítà. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1993, ojú irin tí ó ju 5,000 kìlómítà lọ ni kò ṣiṣẹ́ mọ́, tí igbó ń bò, tí ewúrẹ́ sì ń sùn nínú àwọn ìdíkọ̀ rẹ̀. Ọdún náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò Vías Verdes, èyí tí ó túmọ̀ sí àwọn ọ̀nà aláwọ̀ ewé, tí wọ́n sì fi àkóso rẹ̀ sọ́wọ́ àjọ Fundación de los Ferrocarriles Españoles, ìyẹn àjọ ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ Spéìn. Lónìí, ọ̀nà tí wọ́n ti tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún oníkẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ ti ju 3,000 kìlómítà lọ.

Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sábàá kíyè sí nínú ètò yìí ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ la ọ̀nà tuntun gígùn ní ìgbèríko yóò bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún onílẹ̀ dúnàádúrà. Ẹni tí ó bá sì ti bá ọmọ onílẹ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ owó rí mọ irú wàhálà tí mò ń sọ. Ilẹ̀ ojú irin ti wà lọ́wọ́ ìjọba tẹ́lẹ̀, ó gùn gbọọrọ láti ìlú dé ìlú, ó sì tinrín bí okùn. Bí wọ́n bá ti gé e tà díẹ̀díẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn bá a pààlà, kò sí ìjọba tí ì bá lè so ó pọ̀ mọ́. Èrò tèmi ni pé ìpinnu láti má ta ilẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo ọ̀dà àti pátákó ìtọ́sọ́nà tí wọ́n fi sí i lẹ́yìn náà lọ.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò ni Vía Verde de la Sierra, tí ó wà ní Andalusia ní gúúsù ilẹ̀ Spéìn, láàárín ìlú Olvera àti Puerto Serrano. Kìlómítà 36 ni gígùn rẹ̀, ihò abẹ́ òkè tí ó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ 30, afárá gàgàrà rẹ̀ sì jẹ́ 4. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ ojú irin kankan kò gba ibẹ̀ kọjá rí. Lábẹ́ ìjọba ológun Primo de Rivera, ní ọdún 1926, wọ́n ṣe ètò ńlá kan láti tẹ́ ojú irin tuntun káàkiri orílẹ̀-èdè náà, èyí tí yóò so Jerez mọ́ Almargen sì wà lára wọn. Wọ́n dá ihò, wọ́n ta afárá, wọ́n kọ́ ìdíkọ̀. Kí wọ́n tó to irin tán, owó tán, ogun abẹ́lé dé ní 1936, iṣẹ́ náà sì di àpatì. Kò sí èéfín ẹ̀ńjìnnì tí ó kun òrùlé àwọn ihò náà rí.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ ọ̀kan nínú wọn. Lóde, oòrùn ń ta bí abẹ́rẹ́, ojú ọ̀nà sì ń dán. Bí ó bá ku díẹ̀ kí ẹ wọlé, afẹ́fẹ́ tútù á fẹ́ lù yín lójú bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì. Ẹ ó wọlé tán, ojú kò ní tètè rí nǹkan kan. Omi ń kán tó, tó, tó láti òrùlé, ìró táyà yín á sì máa padà bọ̀ lára ògiri bí ẹni pé ẹlòmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Lọ́ọ̀ọ́kán ni ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ ojú ihò kejì, kò ju kọ́bọ̀ kan lọ, tí yóò sì máa tóbi bí ẹ ṣe ń fẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́. Èyí tí ó gùn jù nínú wọn súnmọ́ kìlómítà kan. Iná wà nínú àwọn kan, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mú tọ́ọ̀ṣì dání ń fi ara rẹ̀ wewu, nítorí ẹlẹ́sẹ̀ tí ó wọ aṣọ dúdú lè wà níwájú rẹ̀ nínú òkùnkùn náà.

Lójú ọ̀nà yìí kan náà ni àpáta Zaframagón wà, níbi tí àwọn igún ńláńlá pọ̀ sí lọ́pọ̀lọpọ̀. Wọ́n sọ ìdíkọ̀ tí ó wà nítòsí rẹ̀ di ibi tí àlejò ti lè fi ẹ̀rọ kámẹ́rà wo àwọn ẹyẹ náà nínú ìtẹ́ wọn láìdà wọ́n láàmú.

Ìtàn ọ̀nà Ojos Negros yàtọ̀ pátápátá, ìjà owó ni ó bí i. Ilé-iṣẹ́ Sierra Menera, tí Ramón de la Sota àti Eduardo Aznar dá sílẹ̀ ní 1900, ń wa òkúta irin ní Ojos Negros ní àgbègbè Teruel, wọ́n sì ní láti gbé e dé etíkun ní Sagunto. Ojú irin kan ti wà tí ó gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n wọn kò lè fẹnu kò lórí iye tí wọn yóò máa san fún àwọn tí ó ni ín. Ni Sierra Menera bá tẹ́ tirẹ̀, tí ó gùn ní 204 kìlómítà, tí ó sì bá ti àkọ́kọ́ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́ fún ọ̀nà jíjìn. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1907, ó sì kógbá wọlé ní 1972. Èyí tí ó ju 160 kìlómítà lọ nínú rẹ̀ ti di ọ̀nà kẹ̀kẹ́, òun ni a sì ń kà sí èyí tí ó gùn jù ní Spéìn. Ọkọ̀ tí ó kún fún òkúta ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí òkun, òfìfo ni ó ń gòkè padà. Nítorí náà, yàtọ̀ sí ibi òkè Escandón, oníkẹ̀kẹ́ tí ó bá kọjú sí Sagunto ń tẹ̀lé ipa ẹrù, ilẹ̀ ni yóò sì máa ràn án lọ́wọ́.

Fífẹ̀ ojú irin pàápàá ní ohun tí ó ń sọ fún wa. Ní Catalonia, ojú irin tí ó so Olot mọ́ Girona kò fẹ̀ ju mílímítà 750 lọ, ìyẹn kò tó ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀. Irú ojú irin tóóró bẹ́ẹ̀ lè ṣẹ́ kọ́nà kíákíá, nítorí náà ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí ó jogún rẹ̀ ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín oko àti abúlé, ní ẹ̀gbẹ́ àwọn òkè tí iná ti tú láti inú wọn láyé àtijọ́. Vía Verde del Aceite, tí ó jẹ́ ọ̀nà òróró ólífì láti Jaén dé Puente Genil, jẹ́ ti ojú irin fífẹ̀. Ó máa ń lọ tààrà, afárá onírin rẹ̀ lórí odò Guadajoz sì gùn ju 200 mítà lọ. Igi ólífì ni ẹ ó máa rí níbẹ̀ ní ọ̀tún àti lósì, lẹ́sẹẹsẹ, títí ojú á fi sú yín. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn kò ní fara mọ́ èyí tí mo sọ kẹ́yìn yìí.

Kí a má baà tan ara wa jẹ, ọ̀rọ̀ pé mọ́tò kò sí níbẹ̀ ní ààlà tirẹ̀. Òfin kò gba mọ́tò àti alùpùpù láyè, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà lè gbé katakata gba apá kan rẹ̀, àwọn ibì kan sì wà tí afárá ti wó tàbí tí ilẹ̀ ti bọ́ sọ́nù, tí oníkẹ̀kẹ́ ní láti bọ́ sí títì fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀gún kéékèèké máa ń lu táyà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà kí túúbù méjì wà nínú àpò. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, oòrùn Andalusia kì í ṣe ohun àfọwọ́rọ́ sẹ́yìn. Ìgbà ìrúwé tàbí oṣù kẹwàá ni ó dára jù.

Ìbéèrè kan tí wọ́n bi mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi ni pé ibo ni kí ẹni tí ó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ó lọ sí Vía Verde de la Sierra, kí ó má sì ṣe bẹ̀rẹ̀ láti Olvera bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe. Olvera ni ó wà lókè. Ẹni tí ó bá gbéra níbẹ̀ láàárọ̀ yóò máa sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí dé Puerto Serrano, bí ó bá sì fẹ́ padà síbi tí ó ti gbéra, yóò wá rí kìlómítà 36 ìgòkè níwájú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, nígbà tí orúnkún ti rẹ̀. Kí ó gbéra láti Puerto Serrano.