Dọ́kítà Tó Lọ Jókòó Nílé Aṣòfin

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kubwa ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ní Àbújá níbí, ṣùgbọ́n Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn juyọ̀, ni ọ̀rọ̀ òní ti ṣẹ̀ wá. Kí n tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n fi bébà kan hàn yín.

Ẹ rí i? Ara ìwé ọmọ iléèwé ni wọ́n ti já a. Lọ́jọ́ tí àbúrò mi obìnrin ń rọbí àkọ́bí rẹ̀, ní ilé ìwòsàn ìlú kékeré kan tí mi ò ní dárúkọ, ni nọ́ọ̀sì kọ ọ́ fún mi. Ìbọ̀wọ́, páálí kan. Òwú. Abẹ́ méjì. Jíìkì. Ohun tí wọ́n fi ń há ìwọ́ ọmọ. Bẹntiróòlù, lítà márùn-ún, torí pé iná ti lọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, kò sí ìkankan nílẹ̀ nínú wọn." Ojú ń ti obìnrin náà bó ṣe ń sọ ọ́. Mo sáré sọdá títì lọ sí kẹ́mísì. Àbúrò mi ń pariwo orúkọ mi lẹ́yìn bí ẹni pé èmi ni mo fún un lóyún.

Ó tó ọdún kan tí mo fi ń bínú sí nọ́ọ̀sì yẹn, kó tó yé mi pé òun kọ́. Òun kọ́ ló ń pinnu bóyá ìbọ̀wọ́ á wà nílé ìwòsàn tàbí kò ní sí. Àwọn tó ń pinnu rẹ̀ jókòó sí olú ìlú ìpínlẹ̀, wọ́n gbé ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì síwájú, wọ́n ń ṣí i ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Nínú wọn, ẹni mélòó ló ti dúró ní yàrá ìgbẹ̀bí lóru rí? Ọ̀rọ̀ ẹnì kan tó ti inú iṣẹ́ ìlera lọ bá wọn jókòó ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ibrahim Yahaya Olóríẹgbẹ́ lorúkọ rẹ̀. Dọ́kítà ìṣègùn òyìnbó ni. Lọ́dún 1999, nígbà tí sójà gbé ìjọba fún alágbádá, ó díje, ó sì wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Kwara. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi í ṣe olórí àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù nílé. Mohammed Lawal, ọ̀gá àgbà sójà orí omi tó ti fẹ̀yìn tì, ni gómìnà nígbà náà. Ọdún mẹ́rin ni dọ́kítà yìí lò níbẹ̀, ó di 2003, ó jáde.

Kí dọ́kítà máa ṣèlú ní Ìlọrin kì í ṣe tuntun. Olóyè Olusola Saraki, dọ́kítà ni, òun ló ṣe olórí àwọn aṣòfin nílé aṣòfin àgbà láti 1979 sí 1983. Bukola ọmọ rẹ̀, dọ́kítà ni òun náà. Ó ṣe gómìnà ọdún mẹ́jọ, ó tún di ààrẹ ilé aṣòfin àgbà. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, a ṣì ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ẹ wá wo nọ́ńbà tó wà lójú yín yìí: 24. Iye aṣòfin tó wà nílé ìgbìmọ̀ Kwara nìyẹn. Ìwé òfin 1999 ní iye ìjókòó tí ìpínlẹ̀ kan bá ní nílé aṣojú-ṣòfin l'Ábùújá, ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin rẹ̀ ni kó wà nílé, kò gbọdọ̀ dín ní 24, kò sì gbọdọ̀ ju 40 lọ. Kwara ní mẹ́fà l'Ábùújá, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ ni 24. Bí mẹ́jọ nínú wọn bá ti jókòó, ìpàdé lè bẹ̀rẹ̀. Bí gómìnà bá sì kọ̀ tí kò fọwọ́ sí àbádòfin láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, mẹ́rìndínlógún nínú wọn lè sọ ọ́ di òfin lójú rẹ̀. Nínú ilé tó kéré báyìí, ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ohun tó ń sọ lè yí ọ̀pọ̀ nǹkan padà. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń sùn náà sì lè ba ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́.

Àwa tí a wà ní Àbújá ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ wá a. Àbújá kò ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, ilé aṣòfin àpapọ̀ ló ń ṣòfin fún wa. Láti Kubwa dé Gwagwalada, kò sí onílé ìgbìmọ̀ kan tí mo lè pè lórí fóònù pé, "Alàgbà, ẹ gbà wá o." Àwọn ìyá wa tó wà ní Òfà, ní Ọmù-Àrán, ní Kàbà, àwọn ló ní tiwọn. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wò mí láti ilé, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

Ó dáa, kí ni dọ́kítà ń ṣe nílé aṣòfin? Kò gbé ohun èlò àyẹ̀wò lọ síbẹ̀. Bọ́jẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́. Gómìnà á gbé e wá, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ètò ìlera á pe kọmíṣọ́nnà kó wá ṣàlàyé. Ẹni tí kò mọ̀dí iṣẹ́ náà á rí i kà pé "ohun èlò ilé ìwòsàn", á rí owó gọbọi níwájú rẹ̀, á ní ó ti dáa, á ṣí ojú ìwé kejì. Ẹni tó ti ṣe é rí á dá kọmíṣọ́nnà dúró: ẹ̀rọ wo ni? Ta ló fẹ́ lò ó? Ṣé iná wà níbẹ̀? Bó bá bàjẹ́, níbo ni ẹni tó máa tún un ṣe ń gbé? Ẹ̀rọ tó ń yàwòrán inú ara, tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, àga ni wọ́n rà yẹn.

Ní oṣù kẹrin 2001, tí Olóríẹgbẹ́ ṣì wà nílé aṣòfin Ìlọrin, àwọn olórí ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà pàdé níbí, ní Àbújá. Wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé nínú ọgọ́rùn-ún náírà tí ìjọba bá fẹ́ ná, ìlera gbọ́dọ̀ gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kéré tán. Nàìjíríà tó gbà wọ́n lálejò kò tíì dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn títí dòní. Ẹ̀jẹ́ kò ní ọlọ́pàá.

Òfin ìlera orílẹ̀-èdè tó jáde ní 2014 gbìyànjú díẹ̀. Ó yọ ìdá kan, ó kéré tán, nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń ṣe nílé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ fi owó yẹn ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ mú tirẹ̀ wá, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún iye tí iṣẹ́ náà máa jẹ. Bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kò bá kọ ọ́ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, tàbí tí wọ́n kọ ọ́ tí kò jáde, owó Àbújá á jókòó sí Àbújá. Ibi tí ìbọ̀wọ́ àbúrò mi ń há sí nìyẹn.

Apá tí mo fẹ́ràn jù ni àbẹ̀wò. Òfin fún àwọn aṣòfin láṣẹ láti lọ wo ohun tí ìjọba fowó ṣe. Ẹ jẹ́ ká ní aṣòfin márùn-ún lọ síbì kan. Wọ́n ti kun ilé ìwòsàn ní ọ̀dà àná, òórùn rẹ̀ ṣì ń sọ. Àwọn obìnrin ń jó, wọ́n ń pe àwọn àlejò ní ràǹkàdédé. Aṣòfin mẹ́rin ń ya fọ́tò níwájú ògiri. Ẹ̀karùn-ún, ẹ jẹ́ ká ní nọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀, kò wo ògiri. Ó gba ẹ̀yìn lọ síbi fíríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí, ó ṣí i. Òtútù inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n méjì sí mẹ́jọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì. Ó mú ìgò kan, ó gbé e sójú mọ́lẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ìgò bẹ́ẹ̀, àmì róbótó kan wà, igun mẹ́rin tínńtín sì wà nínú rẹ̀ tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Bí ooru ṣe ń pa ìgò náà ni igun mẹ́rin yẹn ń ṣú. Tí àwọ̀ méjèèjì bá ti dọ́gba, abẹ́rẹ́ náà kò ṣeé lò mọ́, ó lè jẹ́ omi lásán ni wọ́n ń gún fún ọmọ. Ìbéèrè tó máa bi ọ̀gá ilé ìwòsàn kò gùn: "Ọjọ́ mélòó ni iná fi lọ?" Ijó á dáwọ́ dúró.

Mi ò ní ká kó gbogbo elétò ìlera lọ sílé aṣòfin o. Àwọn tó kù nílé ìwòsàn gan-an kò tó, àwọn yòókù ti jápa. Ọ̀nà náà kò sì rọrùn. Ọmọ ọdún 25 lè díje láti ìgbà tí wọ́n ti yí òfin padà ní 2018, tẹ́lẹ̀ 30 ni. Ìwé mẹ́wàá ti tó, kó sáà ti wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan. Ibi tó ti ta kókó ni pé nọ́ọ̀sì tàbí dọ́kítà tó ń gbowó oṣù ìjọba gbọ́dọ̀ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó pẹ́ tán, ọgbọ̀n ọjọ́ kí ìdìbò tó wáyé. Kò tíì mọ̀ bóyá òun á wọlé, iṣẹ́ ti lọ, owó oṣù ti lọ. Bó bá fìdí rẹmi ńkọ́? Ní tèmi, ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí dọ́kítà tó ní ilé ìwòsàn tara rẹ̀ nídìí òṣèlú ju nọ́ọ̀sì lọ. Nọ́ọ̀sì ló sì ń kọ bébà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìlọrin. Lẹ́yìn 2003, Olóríẹgbẹ́ padà sídìí ètò ìlera, ọ̀rọ̀ bí ilé ìwòsàn ṣe ń rówó àti bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún kọjá. Nígbà tó di 2019, gbogbo Kwara ń pariwo "Ó tó gẹ́!", pé agbára ìdílé Saraki ti tó. Ọmọdé ń kọ ọ́ lórin, wọ́n kọ ọ́ sára ọkọ̀. Ní ìjókòó sẹ́nétọ̀ àárín gbùngbùn Kwara, dọ́kítà kojú dọ́kítà: Olóríẹgbẹ́ àti Bukola Saraki, ààrẹ ilé aṣòfin àgbà tó wà lórí oyè. Olóríẹgbẹ́ ló borí, ìbò 123,808 sí 68,994. Àlejò á rò pé gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò ju ìdílé kan lọ. Èmi rò pé ẹni tó kọ́ṣẹ́ nílé kékeré ló lọ sílé ńlá.

Nílé ńlá yẹn, wọ́n fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ ìlera. Àbádòfin tó gbé kalẹ̀ lórí adójútòfò ìlera di òfin ní oṣù karùn-ún 2022, nígbà tí Buhari fọwọ́ sí i. Ètò ti tẹ́lẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005, ẹni tó bá wù ló ń wọ̀ ọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Òfin tuntun sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé ilẹ̀ yìí, ó sì dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò rí ọwọ́ họrí. Olóríẹgbẹ́ kò padà sílé aṣòfin ní 2023. Lẹ́yìn náà ni Ààrẹ Tinubu fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ olùdarí NHIA, àjọ tí òfin yẹn dá sílẹ̀.

Ní 2023, àbúrò mi bí ìkejì. Ilé ìwòsàn kan náà, nọ́ọ̀sì mìíràn. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé àbúrò yín ní káàdì adójútòfò?" Mo wo àbúrò mi, àbúrò mi wò mí. Òfin ti lo ọdún kan nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó já bébà.

Òun nìyí. Ẹ fi wé ti àkọ́kọ́. Ìbọ̀wọ́ wà níbẹ̀, òwú wà níbẹ̀, abẹ́, jíìkì. Bẹntiróòlù nìkan ni kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n ti ra sólà.