Ta Ni Yóò Tan Ten Láàárọ̀?

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin tèmi. Bó bá jẹ́ alẹ́ lẹ ń wò mí, ẹ bá mi gba ẹ káàárọ̀ náà bẹ́ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ètò òwúrọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n la fẹ́ jọ sọ.

Ẹ fojú inú wo etíkun Manly ní Sydney, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Àwọn tó ń fi pákó gun ìgbì ti wà lójú omi. Ní ilé ẹgbẹ́ àwọn adóòlà ẹ̀mí tó wà létí omi ní Queenscliff, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ten ti ṣètò sítúdíò kan, kí ẹni tó bá tan tẹlifíṣọ̀n láàárọ̀ lè máa rí òkun lẹ́yìn àwọn atọ́kùn. Wake Up ni orúkọ ètò náà. Ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 2013 ló bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún 2014 ló kógbá sílé. Oṣù méje ò pé! Wọ́n gé àwọn ìròyìn kan mọ́ ọn, nǹkan bí òṣìṣẹ́ 150 ni iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ má sì rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Lọ́dún 2012, Ten ti gbé òmíràn jáde tí wọ́n ń pè ní Breakfast. Wọ́n lọ mú atọ́kùn kan tó ń jẹ́ Paul Henry wá láti New Zealand. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì, ó parí ní ìparí oṣù kọkànlá. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọdún méjì ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá lẹ́yìn Wake Up tí Ten kò dán irú rẹ̀ wò mọ́.

Kí ló fà á? Mo ti mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé àwọn atọ́kùn ò dáa tó. Ẹ fẹ́ dárúkọ ẹni tí Ten ì bá gbà. Ẹ dúró ná! Ibi tí gbogbo ayé ti ń ṣì í gan-an lẹ ti fẹ́ ṣì í yẹn.

Ẹni tó ṣe Wake Up ni Adam Boland. Ta ni Adam Boland? Òun náà ló mú Sunrise, ètò òwúrọ̀ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Seven, dìde, nígbà tí wọ́n gbé David Koch àti Melissa Doyle síbẹ̀ bí atọ́kùn lọ́dún 2002. Sunrise yẹn ló lọ bá Today ti ilé iṣẹ́ Nine, tó ti wà lórí afẹ́fẹ́ láti 1982, tó sì gba ipò iwájú lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: ọwọ́ kan náà, ọpọlọ kan náà, ó yege ní Seven, kò yege ní Ten. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ ni, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo Koch fúnra rẹ̀. Oṣù kẹfà 2023 ló fi Sunrise sílẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún ó lé. Ṣé Sunrise wó? Kò wó. Àwọn èèyàn jí lọ́jọ́ kejì, wọ́n tan Seven.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẸNI TÓ Ń WO ÈTÒ ÒWÚRỌ̀, KÌ Í WÒ Ó. Ó ń bá a gbé ni. Obìnrin kan wà ní ilé ìdáná, ó ń di oúnjẹ ọmọ sínú abọ́ tí ọmọ máa gbé lọ sílé ìwé. Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ ọmọ, wọn ò rí ìkejì. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò wo ojú atọ́kùn rárá. Igun ojú tẹlifíṣọ̀n ló ń wò, níbi tí aago wà. Ó rí i pé aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún, ó pariwo orúkọ ọmọ. Nígbà tí wọ́n bá ti ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ètò yẹn ti di ara ìrìn àárọ̀ rẹ̀. Bí o bá gbé etíkun tó rẹwà jù láyé sí ìkànnì kejì, ta ni yóò yí i sí? Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú bọ́tà!

Ẹ jẹ́ kí n fi àkàrà ṣàlàyé ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìyá alákàrà kan wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì títì wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni òórùn òróró rẹ̀ ti máa ń gba inú yàrá wọlé. Bàbá mi á rán mi, n ó mú abọ́, n ó máa lọ, ojú mi ò tíì là tán. Ìyá mìíràn wá gbé agbada kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Agbòòrùn rẹ̀ tuntun, àkàrà rẹ̀ tóbi. Mo jẹ ẹ́, ó dùn, àní ó dùn ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ. Síbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbẹ́ òsì lẹsẹ̀ mi gbé mi lọ. Ẹsẹ̀ mi ti mọ ọ̀nà, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyá kejì mú sùúrù fún oṣù mélòó kan, ẹ̀wà ń wọ́n, owó ń tán, ó palẹ̀ mọ́. Gbogbo àdúgbò ní àkàrà rẹ̀ ni ò dáa. Irọ́ ni! Ó dára. Owó rẹ̀ tán kí ẹsẹ̀ wa tó mọ ọ̀nà ibẹ̀ ni.

Ohun tó ṣe Ten gan-an nìyẹn.

Ó wá ku nǹkan kejì, òun ló sì dùn mọ́ mi jù. Tẹlifíṣọ̀n ti tẹ́lẹ̀, ìkànnì tẹ́ ẹ pa á sí lálẹ́ lẹ máa bá lójú rẹ̀ láàárọ̀. Ẹni tó sùn sí Seven, Seven ló máa jí sí. Lọ́dún 2012 àti 2013 tí Ten ń gbé ètò òwúrọ̀ jáde, àwọn ètò alẹ́ rẹ̀ ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó sùn sí Ten, ta ni ì bá wá jí sí i? ALẸ́ LÓ Ń BÍ ÀÁRỌ̀. Mo tún un sọ: ALẸ́ LÓ Ń BÍ ÀÁRỌ̀! Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi àárọ̀ tún alẹ́ ṣe nígbà tí alẹ́ ti bàjẹ́, orí òrùlé ló ti bẹ̀rẹ̀ ilé.

Ẹlòmíràn á ní, ṣebí Studio 10, ètò mìíràn tí Ten ṣe, pẹ́? Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Ọjọ́ kan náà ni Studio 10 àti Wake Up bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá yẹn. Studio 10 lo ọdún mẹ́wàá, ó di oṣù kejìlá 2023 kó tó parí. Ṣùgbọ́n ẹ wo àkókò rẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé ìwé tí ilé dákẹ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Láti 1992 ni atọ́kùn kan tó ń jẹ́ Bert Newton ti jókòó sí àkókò yẹn lórí Ten títí di 2005, àwọn ètò mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ kí Studio 10 tó dé. Àárọ̀ kùtùkùtù ńkọ́? Ten náà ní in rí o! Good Morning Australia wà níbẹ̀ láti 1981, kí Nine tó bẹ̀rẹ̀ Today. Wọ́n fi sílẹ̀ lọ́dún 1992. Wọ́n wá ń fi kátúùnù fún àwọn ọmọdé níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Àwọn òbí wọn ti bá ẹlòmíràn lọ.

Ọ̀rọ̀ owó, n kò ní fa èyí gùn. Ilé iṣẹ́ tó wà nínú gbèsè kì í lè dúró. Ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 2017 ni Ten bọ́ sọ́wọ́ àwọn alábòójútó gbèsè, nítorí àwọn olówó tó ń ṣe onídùúró fún owó yíyá rẹ̀, mílíọ̀nù 200 dọ́là Ọsirélíà, ní àwọn ò ṣe mọ́. CBS ti Amẹ́ríkà ló rà á lọ́dún yẹn. Bí ọ̀gá bá wà ní Amẹ́ríkà, tó ń wo ìwé ìṣirò lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ta ló máa bá yín dúró fún ọdún márùn-ún tí ètò òwúrọ̀ ń béèrè?

Ó dáa, ọjọ́ iwájú wá ńkọ́?

Tẹlifíṣọ̀n ti yí padà. Ti íntánẹ́ẹ̀tì tí à ń rà báyìí kì í sábà ṣí sí ìkànnì tẹ́ ẹ sùn sí. Ojú ewé tó kún fún áàpù ló máa ń kọ́kọ́ fi hàn yín. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ọsirélíà, wọ́n sì ṣe òfin lọ́dún 2024 pé kí tẹlifíṣọ̀n tuntun máa gbé áàpù àwọn ìkànnì ọ̀fẹ́ síbi tí ojú ti lè tètè rí i. Ìyípadà tẹlifíṣọ̀n yẹn ń ba Seven àti Nine nínú jẹ́ ju Ten lọ, ní tèmi. Ẹni tí kò sẹ́ni tó ń sùn sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ló pàdánù? Àárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ti di ibi tí gbogbo wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀.

Tó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní gbé wákàtí mẹ́ta lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú jáde. Láéláé! Wákàtí kan péré, láti inú yàrá ìròyìn tí wọ́n ti ń sanwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀. N ó kọ́kọ́ tún alẹ́ ṣe. N kò sì ní gbé e fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti fetí sílẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí aago méje bá lù ní Sydney, aago mẹ́fà ààbọ̀ ni ní Adelaide, aago mẹ́fà ni ní Brisbane, aago mẹ́rin ni ní Perth. Ìdí ni pé Sydney ń sún aago síwájú láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹrin, Queensland, ìpínlẹ̀ tí Brisbane wà, ò sì fẹ́ ẹ. Wọ́n dìbò lé e lórí lọ́dún 1992, wọ́n ní àwọn ò gbà. Nítorí náà, ní ìdajì ọdún, ètò tí Sydney ti wò ní wákàtí kan sẹ́yìn ni wọ́n ń gbé fún Brisbane. Ìlú tí èèyàn inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀! Obìnrin tó ń wá bàtà ọmọ yẹn, bí Brisbane ló bá ń gbé, ọ̀rọ̀ wákàtí kan sẹ́yìn ló ń gbọ́.

Ibẹ̀ ni n ó gbé agbada mi kalẹ̀ sí. Brisbane nìkan, aago mẹ́fà ààbọ̀, ìròyìn tó ń lọ lọ́wọ́, bí ọkọ̀ ṣe ń rìn lórí afárá odò wọn, bóyá òjò àrá máa rọ̀ lọ́sàn-án. Lórí tẹlifíṣọ̀n àti lórí fóònù, àkókò kan náà lójoojúmọ́, aago ńlá ní igun. N ó sì ti ka owó ọdún márùn-ún sílẹ̀ kí iná sítúdíò tó tàn.