Ẹ̀jẹ̀ Tí Ara Ń Yá Lọ́wọ́ Ìfun

Obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ̀jẹ̀ ò sì tíì dá. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní 110 lórí 80. Àwọn ẹbí mí kanlẹ̀. Ẹ má tíì bá wọn mí kanlẹ̀ o. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀: ó tutù, ó ń làágùn, ọkàn rẹ̀ sì ń lù kìkìkì. Èèyàn lè pàdánù ìdá 15 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kí nọ́ńbà òkè yẹn tó já wálẹ̀. Níbo ni ara ti ń rí ẹ̀jẹ̀ tó fi ń bo àṣírí?

Ìfun wà lára ibi tó ti ń kọ́kọ́ yá a. Bí a bá jókòó jẹ́jẹ́, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde ló ń gba ọ̀nà ikùn àti ìfun. Ká wá jẹ iyán yó, á tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọpọlọ ò lè fara da àìrí ẹ̀jẹ̀. Ìfun ní sùúrù díẹ̀.

Họ́mọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn kẹ́míkà tí ara fi ń ránṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, wà lára ohun tó ń lọ gbà á wá. Ádírẹ́nálì ń jáde láti ara ẹṣẹ́ kékeré tó jókòó sórí kíndìnrín. Vasopressin ń ti abẹ́ ọpọlọ wá. Ní ti angiotensin II, àjọṣe ni: kíndìnrín á tú renin sílẹ̀, renin á gé ohun tí ẹ̀dọ̀ ti pèsè sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ló sì sábà ń parí iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ òpó ẹ̀jẹ̀ kan lára ìfun. Ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí i ká. Bí họ́mọ́ọ̀nù bá ti bà lé e, kálísíọ́mù á rọ́ wọnú ẹran náà, á sún kì, ojú òpó á dín. Ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn á rí ìdènà, ìfúnpá á ga. Àwọn òpó tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà náà á sún kì, èyí tó wà nípamọ́ nínú wọn á sì rọ́ lọ bá ọkàn. Ádírẹ́nálì kan náà, bí kò bá pọ̀ jù, ló tún ń la òpó inú ẹran itan. Ohun tó ń wí fún wa ò ṣòroó mọ̀: ẹ sá!

Àwọn dókítà ti sọ èyí di irinṣẹ́. Ẹni tí àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ irú B (hepatitis B) ti mú kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ le gbagidi lè dẹni tó ń bi ẹ̀jẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìfun bọ̀ ò rọ́nà gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá mọ́. Àwọn òpó ọ̀nà ọ̀fun á wú, wọ́n á bẹ́. Wọ́n lè fún un lábẹ́rẹ́ terlipressin, tó jẹ́ ọmọ ìyá vasopressin. Òpó ìfun á dín, ẹ̀jẹ̀ tó ń rọ́ lọ síbẹ̀ á sì dínkù.

Àmọ́ bí òpó ìfun bá sún kì pẹ́ jù, awọ inú ìfun á bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, angiotensin ń ṣiṣẹ́ lọ láìsí pé ẹ̀jẹ̀ kankan ń dà. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ ni lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, ń dí. Aboyún ò gbọ́dọ̀ lò ó. Ikọ́ gbígbẹ sì lè bá a wá. Tó bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ sọ fún dókítà, oògùn mìíràn wà tó lè fi rọ́pò rẹ̀.