“Fa” ni ọ̀nà wọn ti pínyà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Oòduà tó wà nílé àti lẹ́yìn odi. Béèsì, ohùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú orin, ni mo fẹ́ kí a fetí sí lónìí.

Ní 1967, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Procol Harum gbé A Whiter Shade of Pale jáde ní London. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé orin Bach, olórin ará Jámánì ayé àtijọ́, ni wọ́n jí kọ. Ẹ jẹ́ ká fi sol-fa wò ó. Ẹ̀yin akọrin ìjọ á tètè gbọ́ ọ.

Nínú Air tí Bach kọ, béèsì ń sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: do, ti, la, so, fa. Fayolín di “mi” mú lókè, ó fà á gùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni dùùrù Hammond tí Matthew Fisher tẹ̀ fún Procol Harum ṣe: ó di “mi” mú, béèsì ń sọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá dé “fa”, Bach á gbé e sókè díẹ̀ di “fe”, á sì gun “so”. Procol Harum ò gun ibì kankan. Wọ́n ń sọ̀ lọ ni: mi, re, do. Ìgbésẹ̀ márùn-ún péré ni wọ́n jọ rìn!

Níbí gan-an ni àwọn tó ń tún A Whiter Shade of Pale kọ ti máa ń bà á jẹ́. Tí a bá fi C ṣe “do”, C, Am, F, Dm ni kọ́ọ̀dù rẹ̀, ìyẹn àwọn ohùn tí a ń lù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí onígìtá béèsì bá kàn ń lu orúkọ kọ́ọ̀dù, á fò láti C bọ́ sí A, láti A bọ́ sí F; B, G àti E tó so wọ́n pọ̀ á sọnù, orin á kú. Béèsì méjì ló wà fún kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan: C àti B lábẹ́ C, A àti G lábẹ́ Am, F àti E lábẹ́ F, D àti C lábẹ́ Dm. B yẹn á fẹ́ bá C jà létí yín. Ẹ má tìtorí ẹ̀ yí kọ́ọ̀dù padà, adùn rẹ̀ nìyẹn.

Bach ti kú láti 1750, kò lè béèrè nǹkan kan. Fisher ló lọ sí kóòtù ní 2005, lẹ́yìn ọdún 38, nítorí pé Gary Brooker tó kọrin náà àti Keith Reid tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ orúkọ wọn sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni orin. Ní 2006, adájọ́ fún un ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀tọ́ ohùn orin náà. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn gba owó orí ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2008, House of Lords, kóòtù tó ga jù ní Britain nígbà náà, sì dá a padà fún un ní 2009. Ó tọ́ sí i, lójú tèmi. Ẹ yọ dùùrù yẹn kúrò, kí ẹ wá gbọ́ ohun tó kù.